Oòrùn Kan Náà Ló Ń Ràn Sórí Gbogbo Òrùlé: Ẹ Jẹ́ Ká Jọ Ṣe Iná Sólà Ládùúgbò

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó lásìkò ìkórè kòkó yóò mọ ohun tí mò ń wí. Láti Ọ̀wẹnà títí dé Bọ́lọ́runduró, orí kọnkéré iwájú ilé àti orí tapólì ẹ̀bá títì ni wọ́n ń sá kòkó sí. Oòrùn tó gbẹ kòkó yẹn làwọn bàbá wa fi kọ́lé, òun náà ni wọ́n fi rán ọmọ lọ sí yunifásítì. Lónìí, bí ẹ bá gbójú sókè lójú ọ̀nà kan náà, ẹ ó rí páńẹ́ẹ̀lì sólà lórí òrùlé ilé epo, lórí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, lórí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, àti lórí ilé ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ rárá.

Físíìsì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama ní Àkúrẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, tí mo padà sílé ní Oǹdó. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn obìnrin àdúgbò wa báyìí. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kò lọ́jú pọ̀. Iná sólà ti di ohun tí ìdílé oníwọ̀nba owó lè ní. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá a rà, tó dá a ṣe, tó sì dá a tọ́jú, òun ni wọ́n sábà máa ń rẹ́ jẹ. Ibi tí àdúgbò bá ti ṣùrù bo ọ̀rọ̀ náà, owó kì í ṣòfò níbẹ̀, iná náà sì máa ń pẹ́.

BÍ A ṢE DÉ IBI TÍ A DÉ

Ọdún 1972 ni ìjọba àpapọ̀ da ECN, iléeṣẹ́ iná ìgbà náà, àti iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ìsédò pọ̀, tí wọ́n pè é ní NEPA. Ní 2005, ó di PHCN. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 2013, wọ́n fa pípín iná lé àwọn oníléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, BEDC tó fìdí kalẹ̀ sí Benin ló sì gba Edo, Delta, Èkìtì àti Oǹdó. Orúkọ ń yí padà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tí NEPA ti kógbá sílé ṣì ń pariwo "Up NEPA!" bí iná bá dé, nítorí pé dídé iná ṣì jẹ́ ohun àríyọ̀ fún wọn.

Ìpínlẹ̀ wa yìí kò ṣaláìní ilé amúnáwá. Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, ní ilé iṣẹ́ amúnáwá onígáàsì. Èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣí ní 2007 lè mú 335 mẹ́gáwáàtì jáde, èkejì tí wọ́n kọ́ tẹ̀ lé e sì ju ìyẹn lọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé ní gúúsù ìpínlẹ̀ náà, ní Òkìtìpupa, Ìlàjẹ, Ẹsẹ̀-Odò àti Ìrèlè, lo ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá láìrí iná. Wáyà ńlá kọjá lórí wọn, òkùnkùn wà nílé wọn.

Àwa tí a wà ní Oǹdó àti Àkúrẹ́ sàn díẹ̀ jù wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ làwa náà fi ń kún iná wa. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún 2023, lítà bẹntiróòlù kan kò tó ₦200. Kí 2024 tó parí, ó ti lé ní ₦1,000. Lásìkò náà, ẹni tó ń fi lítà méjì tan jẹnẹrétọ̀ kékeré lálaalẹ́ ń ná nǹkan bíi ₦60,000 lóṣù kan, yàtọ̀ sí ọ́ìlì àti owó tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń gbà. Ní oṣù Kẹrin 2024, NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, gbé owó yúnìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná jù, láti nǹkan bíi ₦68 lọ sí ₦225. Lọ́dún kan náà, gbogbo iná orílẹ̀-èdè yìí wó lulẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, tí Èkó, Kánò àti Oǹdó jọ ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé láàárín oṣù Keje 2024 sí oṣù Kẹfà 2025, páńẹ́ẹ̀lì tí Nàìjíríà rà láti ilẹ̀ Ṣáínà lé ní 1,700 mẹ́gáwáàtì. Ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, South Africa nìkan ló rà jù wá lọ. Ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ fi ₦10 bílíọ̀nù sínú ìṣúná 2025 láti fi sólà sí Aso Rock. Bí ilé Ààrẹ bá ń wá oòrùn, kí ló dé tí ilé aránṣọ kò ní wá a?

OHUN MẸ́RIN TÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀

Àkọ́kọ́ ni páńẹ́ẹ̀lì. Inú yanrìn ni wọ́n ti ń yọ silikoni tí wọ́n fi ń ṣe é. Ní 1954, àwọn onímọ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà fi han gbogbo ayé pé ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ lé e lórí lè di iná. Nígbà náà, owó rẹ̀ kò ṣe é dá lábàá. Láàárín 2010 sí 2020, owó páńẹ́ẹ̀lì já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tí wọ́n ń tà ní dọ́là mẹ́wàá kò fi ju dọ́là kan sí méjì lọ mọ́. Ìmọ́lẹ̀ ni páńẹ́ẹ̀lì ń jẹ, kì í jẹ ooru. Kódà, bí ó bá gbóná jù, iná tó ń mú wá máa ń dín kù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi àlàfo sílẹ̀ láàárín òun àti páànù kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá.

Èkejì ni kọntírólà, tó ń ṣọ́ bí iná ṣe ń wọ inú bátìrì. Oríṣi méjì ló wà, PWM àti MPPT. MPPT wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rí ohun púpọ̀ gbà lára páńẹ́ẹ̀lì, pàápàá nígbà tí ojú ọjọ́ bá ṣú.

Ẹ̀kẹta ni bátìrì, tó ń tọ́jú iná di alẹ́. Bátìrì olómi tí wọ́n ń pè ní tubular kò fẹ́ kí a lò ju ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń lò ó gbẹ lálaalẹ́ yóò sọ ọ́ nù kó tó pé ọdún méjì. Bátìrì lithium wọ́n ju ìyẹn lọ lọ́jọ́ tí a rà á, ṣùgbọ́n ó ń fara da ìlò jinlẹ̀, ojúlówó rẹ̀ sì lè lo ọdún mẹ́wàá.

Ẹ̀kẹrin ni ínfátà, tó ń sọ iná bátìrì di irú èyí tí fáànù àti tẹlifíṣọ̀n wa mọ̀.

Bí ẹ ṣe ń gbe omi òjò nílé ni kí ẹ fi wò ó. Páńẹ́ẹ̀lì ni òrùlé tó gba òjò, bátìrì sì ni àmù. Àmù ńlá lábẹ́ òrùlé kékeré kò ní kún láé, òrùlé ńlá lórí àmù kékeré yóò sì da omi nù. Àwọn tó ń ráhùn pé sólà kò dára, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé bátìrì rẹpẹtẹ ni wọ́n tà fún wọn pẹ̀lú páńẹ́ẹ̀lì bíńtín.

Ẹ KA OHUN TÍ ILÉ YÍN Ń JẸ

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ránṣọ ní Yábà, níbí ní Oǹdó, wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ínfátà 5kVA ni wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ rà, owó rẹ̀ sì ju agbára mi lọ." Mo ní kó jókòó, mo fún un ní bébà àti bírò.

Mọ́tò ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ jẹ́ 100 wáàtì. Bí a bá ro àsìkò tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ gan-an pọ̀, kò ju wákàtí mẹ́ta lọ lóòjọ́, ìyẹn 300. Fáànù rẹ̀ jẹ́ 60 wáàtì fún wákàtí mẹ́jọ, ìyẹn 480. Gílóòbù mẹ́ta oní 9 wáàtì fún wákàtí mẹ́rin, ìyẹn 108. Fóònù rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ju 60 lọ. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 948, kò tó yúnìtì kan. Yúnìtì kan ni 1,000 wáàtì fún wákàtí kan, òun kan náà ni a ń rà sínú mítà.

Mo wá bi í léèrè nípa áyọ́ọ̀nù. Áyọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ 1,000 wáàtì. Wákàtí kan tó bá fi lọ aṣọ ti jẹ yúnìtì kan, ó ju gbogbo ìyókù tí a kọ sílẹ̀ lọ. Òun ló mú kí wọ́n sọ pé 5kVA ló nílò. Ó ní áyọ́ọ̀nù eléèédú nílé, a sì pinnu pé òun ni kó máa lò. Páńẹ́ẹ̀lì 550 wáàtì kan, bátìrì kékeré àti ínfátà tí kò ju 1.5kVA lọ tó o. Ó padà lọ bá ẹni tó fẹ́ tà á fún un pẹ̀lú bébà rẹ̀ lọ́wọ́.

Èyí ni ìṣirò tó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀. Ní agbègbè wa yìí, oòrùn ojúmọ́ kan dọ́gba pẹ̀lú nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin oòrùn ọ̀sán gangan. Páńẹ́ẹ̀lì 550 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 2,200. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ kúrò fún ooru, eruku àti èyí tó ń sọnù sínú wáyà, yóò ku nǹkan bíi yúnìtì kan àti àbọ̀. Ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ tí òjò ń rọ̀ wẹliwẹli, yóò dín sí i. Nítorí náà, àsìkò òjò ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò, kì í ṣe ti oṣù Kejì. Ilé tó bá fẹ́ fi fíríjì kún gílóòbù, fáànù méjì àti tẹlifíṣọ̀n kò gbọ́dọ̀ ní páńẹ́ẹ̀lì tó dín ní mẹ́ta. Ẹ̀rọ amúlétutù, kẹ́tùlù àti sítóòfù oníná jẹ́ ohun tí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó lè fi sílẹ̀ ná.

IBI TÍ WỌ́N TI Ń RẸ́ NI JẸ

Ọjà ayédèrú pọ̀. Wọ́n ń lẹ bébà 550 mọ́ ẹ̀yìn páńẹ́ẹ̀lì 400. Wọ́n ń tú bátìrì lithium ọkọ̀ tó ti gbó, wọ́n ń fi páálí tuntun bò ó. Aládùúgbò mi kan ra irú rẹ̀. Kí ọdún tó yí po, iná rẹ̀ kò lè dé agogo mẹ́sàn-án alẹ́ mọ́, ẹni tó tà á fún un kò sì gbé fóònù mọ́.

Ìmọ̀ díẹ̀ tó láti gbéjà ko èyí. Bí oòrùn bá wà lójú ọ̀run gangan, nǹkan bíi 1,000 wáàtì ló ń bọ́ sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú àti lóòró. Páńẹ́ẹ̀lì òde òní ń rí nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ gbà. Nítorí náà, kò sí bí páńẹ́ẹ̀lì 550 wáàtì yóò ṣe kéré. Ó máa ń ga ní mítà méjì lé díẹ̀, ó máa ń fẹ̀ ju mítà kan lọ, ó sì máa ń wọn nǹkan bíi kílò 28. Èyí tó kúrú, tó sì fúyẹ́, tí wọ́n kọ 550 sí lẹ́yìn, irọ́ ni wọ́n kọ. Ẹ tún lè fi mítà àwọn oníná wọ̀n ọ́n nínú oòrùn ọ̀sán. Ọ̀pọ̀ páńẹ́ẹ̀lì 550 tó dára yóò fi nǹkan bíi fóltì 45 sí 49 hàn, àǹpíà rẹ̀ yóò sì súnmọ́ 13 tàbí 14 bí ojú ọ̀run bá mọ́.

Ẹgbẹ́ wa kì í gba ọjà tí a kò bá wọ̀n. Orí pápá la máa ń to àwọn páńẹ́ẹ̀lì sí lọ́sàn-án, níṣojú ẹni tó tà wọ́n, tí a ó sì wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá yege yóò padà sínú ọkọ̀. Oníṣòwò tó mọ̀ pé àwọn obìnrin mẹ́wàá yóò dúró ti mítà kì í kó ayédèrú wá. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó bá ra ogún páńẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan ń gba ẹ̀dínwó tí ẹni tó ra ẹyọ kan kò lè gbà, wọ́n sì ń kọ ọjọ́ ìdánilójú ọjà fún un pẹ̀lú ìbọ̀wọ̀.

BÍ A ṢE Ń DÁ OWÓ RẸ̀

Láti 1935 tí ìjọba amúnisìn ti ṣe òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi ẹgbẹ́ ta ọjà wọn kí àwọn alágbàtà má bàa yàn wọ́n jẹ. Àjọ àti èésú sì ti wà ṣáájú ìyẹn. Kò sí ìdí tí a ó fi máa wá ọgbọ́n tuntun nígbà tí ti àtijọ́ wà nílẹ̀.

Oṣooṣù ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ń dáwó. Bí owó ohun èlò ẹnì kan bá ti pé, a ó rà á. Owó náà kì í kan ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Láti báńkì ló ń lọ bá ẹni tó ta ọjà, ẹni mẹ́ta ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Àwọn tó ń fi iná ṣòwò ni a kọ́kọ́ ń fún: aránṣọ, onídìrí, ẹni tó ń ta omi tútù àti mínírà. Ìdí ni pé owó tí wọn kò fi ra epo mọ́ ni wọ́n fi ń san gbèsè, ó sì ń yá. Orúkọ ẹgbẹ́ ló ń wà lórí ohun èlò náà títí ẹni náà yóò fi san tán. Yàtọ̀ sí èyí, gbogbo wa ń dá owó kékeré kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sínú àpò àtúnṣe. Bí kọntírólà ẹnì kan bá jó, kò ní padà sínú òkùnkùn nítorí pé ìgbà ọ̀hún bọ́ sí àsìkò owó ilé ìwé.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ TÓ WÁYÉ NÍ ÌPÀDÉ ÀWỌN ONÍLÉ

Sólà kò lè fìdí múlẹ̀ ládùúgbò bí àwọn àgbà kò bá gbà á. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn onílé, ìbéèrè wọn kì í ṣe ti òpè rárá, ó sì yẹ kí a dáhùn wọn dáadáa.

Bàbá alága béèrè bóyá páńẹ́ẹ̀lì kì í pe àrá. Mo kúnlẹ̀ dá wọn lóhùn pé páńẹ́ẹ̀lì kì í pe àrá ju páànù òrùlé lọ, ṣùgbọ́n àrá tó bá sán nítòsí lè ba ínfátà jẹ́. Nítorí náà, oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ ri wáyà mọ́lẹ̀ dáadáa, kó sì fi ohun tó ń gba agbára àrá sí i. Ẹni tí kò bá ṣe èyí kò tíì parí iṣẹ́.

Wọ́n béèrè nípa olè. Olè wà lóòótọ́. Nọ́ọ̀tì tí kò ṣe é tú wà, a ń lò wọ́n. A ń fi iná kọ orúkọ ẹgbẹ́ sára férémù páńẹ́ẹ̀lì, a sì kó nọ́ńbà gbogbo wọn fún àwọn ọdẹ àdúgbò. Páńẹ́ẹ̀lì tí gbogbo èèyàn mọ olówó rẹ̀ ṣòro láti tà.

Wọ́n béèrè nípa iná tó lè sọ. Ìbéèrè ńlá nìyí, nítorí pé wáyà tín-ín-rín àti bátìrì ayédèrú lè jó ilé. A fẹnu kò pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé bátìrì sínú yàrá tí èèyàn ń sùn. Ojú kan tí atẹ́gùn ń fẹ́, tí ọwọ́ ọmọdé kò sì lè dé, ni kó wà.

Èyí tó pẹ́ jù lórí ìjíròrò ni ọ̀rọ̀ àwọn ayálégbé. Ta ló ni páńẹ́ẹ̀lì tí ayálégbé gbé sórí òrùlé onílé? Onílé kan ń bẹ̀rù pé òrùlé òun yóò máa jò. Ayálégbé kan ń bẹ̀rù pé bí òun bá ń kó lọ, wọn kò ní jẹ́ kí òun tú ohun òun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó nílò iná ló jẹ́ ayálégbé, bí a kò bá sì yanjú èyí, àwọn onílé nìkan ni sólà yóò wà fún. Ìwé àdéhùn olójú ewé kan la kọ. Ayálégbé ló ni ohun èlò rẹ̀, òun ni yóò sì dí ihò tó bá lu sórí páànù lọ́jọ́ tó bá ń lọ. Onílé kò ní torí páńẹ́ẹ̀lì fi kún owó ilé. Àwọn méjèèjì buwọ́ lù ú níwájú ẹgbẹ́. Ìwé kékeré yẹn ti mú ọ̀pọ̀ ìjà kúrò nílẹ̀.

Ohun tó sì yí ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn padà ni ohun tí wọ́n fojú rí. Ṣọ́ọ̀ṣì kan àti mọ́ṣáláṣí kan ládùúgbò gbà kí a kọ́kọ́ ṣe tiwọn. Nígbà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń ṣiṣẹ́ láìsí ariwo jẹnẹrétọ̀ ní ìta, tí ẹ̀rọ sì ń fa omi àlùwàlá láti inú kànga, àlàyé mi kò nílò láti gùn mọ́. Pásítọ̀ àti Ìmáàmù ló wá ń bá wa sọ ọ́.

ÀWỌN TÓ TI ṢE É

Ní Àkúrẹ́, Ọjà Ìsinkàn wà lára àwọn ọjà tí REA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iná ìgbèríko, mú wọ inú ètò Energizing Economies Initiative, pẹ̀lú Sabon Gari ní Kánò àti Ariaria ní Aba. Èrò ètò náà ni pé kí iná sólà tàbí ti gáàsì wọ ṣọ́ọ̀bù kí àwọn ìyálọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ lè bọ́ lọ́wọ́ èéfín jẹnẹrétọ̀. Èéfín náà kì í ṣe ohun àfojúfò. Ó ti pa odidi ìdílé mọ́jú rí nílẹ̀ wa, nígbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ní Gbámúgbámú, abúlé àwọn àgbẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, iléeṣẹ́ Rubitec kọ́ ilé iná sólà 85 kilowatt tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ European Union àti ìjọba Jámánì. Wáyà NEPA kò dé abúlé náà rí. Ilé kọ̀ọ̀kan ní mítà, wọ́n ń san ohun tí wọ́n bá lò.

Ní Bangladesh, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò sólà ilé ní 2003. Àwọn ẹgbẹ́ ìgbèríko ló gbé e lọ sílé àwọn èèyàn, tí àwọn onílé ń san án díẹ̀díẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ náà sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àti obìnrin bí a ṣe ń tún un ṣe. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ilé tó ní iná lọ́nà yìí. Ní Brixton, ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé nítòsí, àwọn ará àdúgbò dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀ ní 2012, wọ́n ra ìpín, wọ́n sì fi páńẹ́ẹ̀lì sórí òrùlé ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ fún mẹ̀kúnnù. Oòrùn Lọ́ńdọ̀nù kò tó tiwa, ìfẹnukò wọn ló gbé wọn débẹ̀.

Òfin wa náà ti ṣílẹ̀kùn. Ìlànà NERC ti 2016 ti kọ́kọ́ gbà pé ilé iná àdúgbò tí agbára rẹ̀ kò bá tó 100 kilowatt lè kàn forúkọ sílẹ̀, láìdúró de ìwé àṣẹ ńlá. Ní oṣù Kẹfà 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu Òfin Iná Mànàmáná tó fún àwọn ìpínlẹ̀ lágbára lórí iná wọn. Ní 2024, NERC bẹ̀rẹ̀ sí í fa àbójútó iná Ìpínlẹ̀ Oǹdó lé Ondo State Electricity Regulatory Bureau lọ́wọ́. Ìyẹn ni pé ẹjọ́ iná wa ti kúrò ní Àbújá, ó ti dé Àkúrẹ́. Ẹ jẹ́ ká lọ rò ó níbẹ̀. Kí ẹgbẹ́ àdúgbò kọ̀wé, kí wọ́n béèrè sólà fún ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí wọ́n ti ń fi tọ́ọ̀ṣì gbẹ̀bí, àti fún ẹ̀rọ omi tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ nítorí àìsí epo.

ÌTỌ́JÚ RẸ̀

Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń bo páńẹ́ẹ̀lì. Ẹ fi omi àti aṣọ rírọ̀ fọ̀ ọ́ ní ìdájí, kó tó gbóná. Ẹ má fi ọṣẹ líle tàbí kànrìnkàn onírin ha á. Ẹ gé ẹ̀ka igi máńgòrò tó bá ń ṣíji bò ó, nítorí òjìji ewé díẹ̀ lè dín iná gbogbo páńẹ́ẹ̀lì kù. Ẹ wo omi bátìrì olómi lóṣooṣù.

Bí bátìrì olómi bá kú, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má sì da omi rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Òjé inú rẹ̀ ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní Ògijo, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí àwọn iléeṣẹ́ ti ń yọ́ òjé bátìrì, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún àwọn ará ìlú, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2025, fi hàn pé òjé ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹgbẹ́ wa ń kó bátìrì tó ti kú jọ sójú kan, a ń dá a padà fún ẹni tó tà á, a sì ń gba ẹ̀dínwó lórí tuntun. Iná tí a fẹ́ fi tọ́ ọmọ kò gbọ́dọ̀ di májèlé fún ọmọ ẹlòmíràn.

Àwọn ọ̀dọ́ wa sì ni kí a fi iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, wà ní Àkúrẹ́, àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wà. Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan ọ̀dọ́ méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, kí ẹgbẹ́ san owó ẹ̀kọ́ wọn. Oníṣẹ́ tó ń gbé ládùúgbò kì í ṣe iṣẹ́ àṣẹ́kù, nítorí òun náà yóò kọjá níwájú ilé yín lọ́la.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ní Àkúrẹ́, ní Oǹdó àti níbi gbogbo, mo bẹ̀ yín, ẹ má dá lọ sọ́jà sólà. Kí ìpàdé àdúgbò yín tó ń bọ̀ tó pé, ẹ kọ ohun tí ilé yín ń lò sílẹ̀ bí mo ti ṣàlàyé, ẹ mú bébà náà dání lọ, kí ẹ sì béèrè pé ta ló tún fẹ́. Bí ẹ bá rí ẹni márùn-ún, ẹ ti di ẹgbẹ́. Ẹ yan akápò tó ṣeé fọkàn tán, ẹ ra mítà kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó, ilé ẹni tó ń fi iná jẹun ni kí ẹ sì kọ́kọ́ tan.